Èédú Tí Ìyá Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ òkú ìyá rẹ̀ ni Ìyádùnní gbá ìró mọ́dìí, ó ní òun máa yan ẹja tà bí ìyá òun ti ń ṣe. Òjò sì ti pa gbogbo èédú ìlú, kò sí gbígbẹ níbì kankan.

Ìyá Sùúrà, àbúrò olóògbé, mi orí. "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Iná kú, ó fi eérú bojú. Jẹ́ ká ta ààrò yìí."

Ìyádùnní lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú ààrò. Ó rántí pé lọ́jọ́ tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dúbúlẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni pé ó dé ààrò amọ̀ náà lọ́mọrí, ó fi amọ̀ tútù dí i pinpin, kí iná lè kú, kí èédú tó kù má baà jó tán. Ìyádùnní fọ́ amọ̀ náà, ó ṣí ọmọrí, ó ki ọwọ́ bọ eérú. Èédú ńláńlá ló bá níbẹ̀, gbígbẹ táútáú! Ó kó o sínú ajọ̀, ó gbọ̀n ọ́n títí èérún tó lè dí ojú ihò atẹ́gùn ààrò fi bọ́ dànù. Ìhá ẹyìn díẹ̀ ló fi ràn án. Èédú tó ti jó rí kò ṣòro ràn, kíá ló pọ́n.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, oníbàárà kan tọ́ ẹja wò, ó ní, "Ṣé ìyá yìí kú lóòótọ́ ṣá?"

Ìyádùnní gbé ẹja kan fún Ìyá Sùúrà. "Màmá, ààbọ̀ òwe lẹ pa láàárọ̀."

Ìyá Sùúrà jẹ ẹja náà kan egungun kó tó parí òwe náà:

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ ẹ̀ rọ́pò."