Ẹsẹ̀ Ìyá Adìyẹ Nínú Iṣẹ́ Àjọṣe

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi fò, kò bà lé igi, kò bà lé òkè, orí Ìyá Adìyẹ ló bà lé.

Ẹ̀yin ọmọ, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ẹranko, Olùkọ́ Òwìwí kó Adìyẹ, Òkété àti Ìgbín pọ̀. Ó ní, “Àgbàrá fẹ́ gbé àká ọkà wa lọ. N kò ní sọ ohun tí ẹ ó ṣe. Ẹ jọ wá ọgbọ́n sí i.”

Àyà Adìyẹ já. Ọkà yẹn lọmọ rẹ̀ ń jẹ!

Òkété mọ ebè yí àká ká. “Kò gún,” ni Adìyẹ wí. Ó fẹsẹ̀ tún un ṣe, ebè tú. Ìgbín tún un mọ, ó fomi ara lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ìgbín ní, “Ìyá Adìyẹ, ó ti dáa, ẹ jọ̀ọ́!”

“Tó bá wó, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bọ́ ọmọ mi?”

Ó tún un ṣe, ó tún tú. Òkété dárin, ẹ bá mi gbè é:

Ìyá Adìyẹ, ẹ sinmi ẹsẹ̀!
Rọra o, rọra!
Ebè tó dúró, ẹ má tú u!
Rọra o, rọra!

Lẹ́ẹ̀kẹta, Adìyẹ nìkan ló mọ ọ́n. Ó gún régé. Òjò ṣú. Adìyẹ ní, “Ẹ jẹ́ n kàn yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀.” Ẹsẹ̀ ti wọ̀ ọ́! Ebè tú, òjò rọ̀, àgbàrá gbá ọkà lọ.

Òwìwí ní, “Ẹ̀kọ́ wo lẹ kọ́?”

Ìgbín wọ ìkarahun. Adìyẹ ní, “Olùkọ́, ìṣòro wa kì í ṣe àgbàrá. Ẹsẹ̀ mi ni.”

Ìdí nìyí tí adìyẹ fi ń tanlẹ̀ títí dòní: ọkà ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Kí ló dé tí ẹ ń wò mí? Adìyẹ ni mo sọ.

Ibi tí àlọ́ mi dúró sí nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe o!