Oògùn Tí Kò Yọ Irin

Ọkùnrin kan wà, wẹ́dà ni, tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló fi ń ríran. Èèyi ti ba èkejì jẹ́ nígbà tó wà ní kékeré. Ojú kan tó kù yìí ló fi ń jó irin mọ́ irin, òun ló fi kọ́lé, òun náà ló fi rí ìyàwó tó fẹ́. Wàá rò pé ẹni tó ní ojú kan yóò máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Rárá o. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, òógùn bo dígí tó fi ń dáàbò bo ojú. Ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó sì ń ha irin géètì lọ. Èérún irin kan ta sí i lójú.

Àwọn wẹ́dà ní ìwòsàn tiwọn fún irú èyí. Ọ̀gá tó dàgbà jù nínú wọn ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ó fi ahọ́n lá ẹyinjú náà, ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní ó ti jáde. Kò jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú náà ti wú, kò ṣeé là. Ìyàwó rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn ojú, bí ẹni ń fa afọ́jú. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà gan-an lójú ọ̀nà, nítorí ó mọ bí ìyókù ayé òun yóò ti rí bí ojú náà bá lọ.

Nọ́ọ̀sì kan ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dá orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó kán oògùn sí i lójú. Ó ta á díẹ̀. Lẹ́yìn náà ìrora pòórá, àfi bí ẹni pé wọ́n pa iná. Ó la ojú. Ó rí ògiri, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó wé gèlè ní ìdàkudà. Nọ́ọ̀sì ní kó má fọwọ́ kàn án, kó dúró de dókítà, ó sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Ọkùnrin wa ti dìde ní tirẹ̀. Ó ń yin Ọlọ́run, ó ní kí àwọn máa lọ, géètì oníbàárà ń dúró.

"Bàbá Ìyùn, ṣé wọ́n ti yọ nǹkan náà ni?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Kí ni wọ́n tún fẹ́ yọ? Kò dùn mí mọ́."

Ní gáréèjì, ó ra ẹ̀pà, ó ń bá onímọ́tò ṣàwàdà. Omi ń dà lójú náà, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á dáadáa, nítorí kò mọ̀ ọ́n lára. Ọkọ̀ kò tíì kún tí agbára oògùn fi lọ. Ìrora padà dé, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin náà dorí kodò, ó ń kérora.  Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ́wọ́ padà sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tún kán oògùn kan náà sí i, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí àyè àtidìde. Ó ní kó tẹjú mọ́ ibì kan, ó sì mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín. Ọkùnrin náà ń wo abẹ́rẹ́ bó ti ń bọ̀, ó di apá àga mú, síbẹ̀ kò mọ ìgbà tó kàn án. Wọ́n fi irin náà hàn án lórí òwú. Kò tó hóró iyọ̀. Dókítà ní ká ní ó délé, tó ń ra ojú náà lọ bẹ́ẹ̀, ó lè má ríran mọ́.

Wo ọmọ ènìyàn. Ó tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ìgò oògùn náà lọ sílé.

"A kì í gbé èyí lọ sílé," ni dókítà wí. "Kò wo nǹkan kan sàn. Ojú ló ń mú kó dúró jẹ́ẹ́ fún ọwọ́ tó fẹ́ yọ irin. Ojú tí kò mọ ìrora, ẹni tó ni ín á fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́."

Wọ́n fún un ní oògùn tí ń wo ọgbẹ́. Ó dùn ún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ń dín kù. Nígbà tí ojú náà là kedere, ojú ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò.

"O ti rù," ni ọkùnrin náà wí.

"Ta ni kò ní rù?" ni ìyàwó dáhùn. Ara tu àwọn méjèèjì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ìwọ tí mò ń sọ ọ́ fún, ọ̀rọ̀ rẹ ni. O hú pèrègún ààlà, o gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ inú ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Nígbà tó bínú, o lọ dọ̀bálẹ̀, o fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀ ẹ́, ẹ sì jọ jẹun. O wá ń sọ káàkiri pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀bẹ̀ rẹ dára, mi ò bá ọ wí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ ṣì dúró níbẹ̀. Inú ẹ̀gbọ́n rẹ yọ́ báyìí, ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ọ. Gbé ọkọ́ rẹ lónìí, lọ hú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, kí o gbin pèrègún padà sí àyè rẹ̀, kí agbára oògùn tó lọ.