Orúkọ Tó Kù Lẹ́nu Rágójì

Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn ará Nándúgáò fi gbin ọkà tí wọn kò rí i jẹ. Abúlé náà wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà, ní ẹsẹ̀ òkè kan tó ga, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wọ inú rẹ̀: àfonífojì tóóró kan tí àpáta dúró lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ bí ògiri. Ní òkè àfonífojì yìí ni àwọn baba ńlá wọn ti mọ òkìtì amọ̀ dí odò, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn pákó ńlá kan tí okùn gbé ró sí i, kí wọ́n lè máa bu omi sí oko wọn ní ìwọ̀n. Ọ̀nà àfonífojì yẹn ni wọ́n ń gbà lọ sọ́jà, òun náà sì ni Báírù ń gbà wọlé. Báírù a-pa-má-sin, olórí igba ẹlẹ́ṣin, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá jó abúlé tán, a tẹ́ ẹní sínú eérú rẹ̀, a ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá. Lọ́dún kìíní, ọkà ló kó. Lọ́dún kejì, ó kó ọkà, ó sì pa ènìyàn. Lọ́dún kẹta, ó ránṣẹ́ pé bí ìkórè bá ti pé ọjọ́ mẹ́wàá, òun ń bọ̀ wá kó ọgbọ̀n ọmọ, àti pé bí ẹyọ kan bá dín, orí ìyá rẹ̀ lòun yóò fi dí i.

Kí ènìyàn tó lè mọ ohun tí Rágójì ṣe, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn ará Nándúgáò kò ní ohun ìjà kan tí wọ́n gbójú lé ju orúkọ Ọlọ́run wọn lọ. Bíṣínù ni wọ́n ń sìn, orúkọ mẹ́jọ lé lọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n sì fi ń kì í. Kéṣábà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, Nàráyánà ni wọ́n fi ń parí, gbogbo èyí tó wà láàárín ló sì ní ipò tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í yí padà. Aṣáájú a pe ọ̀kan, agbo a gbà á, aṣáájú a tún pe òmíràn. Obìnrin ń pè é bó ti ń lọ ọkà, àgbẹ̀ ń pè é lẹ́yìn akọ màlúù rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún sì lè sọ fún ọ èyí tó tẹ̀lé èyí. Èèwọ̀ ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a dúró, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fo ọ̀kan.

Rágójì alágbẹ̀dẹ ni aṣáájú wọn nígbà náà. Rágójì, a-lu-irin-kí-irin-gbọ́ràn, ọkùnrin gìrìwò tí ohùn rẹ̀ ń ti ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì dé orí òkè. Lọ́dún kejì tí Báírù dé, àárín ìpè orúkọ ló bá wọn. Wọn kò dìde. Wọ́n ní bí àwọn kò bá ti dá a dúró, Ọlọ́run yóò gba àwọn. Àwọn ẹlẹ́ṣin wọ àárín agbo, wọ́n ń ṣá ènìyàn bí ẹni ń ṣánko, àwọn ènìyàn sì ń gba orúkọ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu wọn. Nígbà tí wọ́n dé orúkọ kọkànlélọ́gọ́ta, Rágójì rí i tí wọ́n fi idà la àyà Rákúmà, aya rẹ̀. Ohùn rẹ̀ há. Nígbà tí yóò fi padà bọ̀ sípò, ó ti fo orúkọ kan. Ènìyàn mẹ́tàdínlógójì ló kú lọ́jọ́ yẹn. Báírù ló yẹ kí wọ́n bú, ṣùgbọ́n Rágójì ni wọ́n bú. Wọ́n ní òun ló fo orúkọ, òun ló jẹ́ kí ààbò já. Nárárì, àgbà àlùfáà ìlú, gba ipò aṣáájú lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú tọmọdé tàgbà. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú títí dòní. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin aya rẹ̀, wọ́n tún sin ohùn rẹ̀ tẹ̀lé e!

Nígbà tí ìránṣẹ́ Báírù ti jíṣẹ́ tán, tí ẹkún gba ìlú kan, Rágójì tí kò sọ̀rọ̀ ní gbangba láti ọdún kan dìde nínú ìpàdé.

Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan yìí. Bí a bá fun ìwo, Báírù yóò mọ̀ pé a lúgọ dè é. Bí a bá han gooro, yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá bà wá, orúkọ ni à ń pè, kò sì kà á sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n dúró sórí àpáta tó wà láàárín àfonífojì, kí n máa pè é. Àwọn tó bá wà lókè nídìí omi kò lè rí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn á máa gbọ́ mi. Bó bá yẹ kí n fà á, màá fà á. Bó bá yẹ kí n yára, màá yára, títí ẹṣin ìkẹyìn yóò fi wọlé. Bí mo bá ti pe Nàráyánà, kí wọ́n gé okùn ilẹ̀kùn omi.”

Nárárì fi ọ̀pá lu ilẹ̀. “Rágójì! O fẹ́ fi orúkọ Ọlọ́run dẹ pańpẹ́? O fẹ́ fi pa ènìyàn?”

“Bàbá, lọ́dún tó kọjá a fi kú. Ẹ wojú àwọn ìyá wọ̀nyí, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ó tọ́ ká fi kú, kò tọ́ ká fi yè.”

Nárárì rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Bí ẹ̀rù bá mú ọ yára parí, omi á ya kí wọ́n tó wọlé tán, àwọn tó bá ṣẹ́ kù á sì pa wá run. Ta ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé ohùn rẹ?”

“Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ló yẹ kó lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń já bíi tèmi.”

Àgbà náà ní, “Tóò. Mo ti takò ọ́, n kò sì ní í jẹ́ kó o dá nìkan lọ. Èmi ni màá máa gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.” Àgbàlagbà márùn-ún mìíràn dìde pẹ̀lú rẹ̀.

Sùbádírà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Rákúmà bí fún Rágójì, ni wọ́n fún ní àáké, nítorí láti kékeré ló ti ń fẹ́ iná fún baba rẹ̀, apá rẹ̀ sì le. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Báírù ń bọ̀, tí àwọn ará ìlú ti sá gun òkè, ó wo ojú omi, ó wo ojú baba rẹ̀.

“Bàbá, omi yìí kò mọ ẹni o.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Bó o bá gbọ́ igbe mi, má gé e. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé mo ti kú, má gé e. Nàráyánà ni kó o dúró dè.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bí mo bá sì tún fo ọ̀kan, kó o bá wọn bú mi.” Sùbádírà kò rẹ́rìn-ín. Ó di ẹsẹ̀ baba rẹ̀ mú títí wọ́n fi fà á kúrò.

Oòrùn ti mú nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin yọ. Rágójì gbẹ́nu lé Kéṣábà. Báírù gun ẹṣin dé ẹsẹ̀ àpáta, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ wo àwọn ewúrẹ́ mi! Wọ́n tún ti ń ké.” Ó dúró láti wò wọ́n, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì tò sẹ́yìn rẹ̀, ìdajì wọn ṣì wà lóde àfonífojì. Rágójì rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa orúkọ gùn. Báírù ní kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Wọ́n fa àgbà kìíní sílẹ̀, wọ́n gé e lórí, Rágójì pe orúkọ tó kàn. Wọ́n la ikùn ẹnì kejì, àwọn yòókù gba orúkọ lórí ìfun rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ ariwo, wọ́n ti ẹṣin wọn síwájú kí ìran má baà kọjá wọn, bí wọ́n sì ti ń pa àwọn àgbà ni àfonífojì ń kún. Nígbà tí wọ́n dé orúkọ ọgọ́ta, ó ku Nárárì àti Rágójì nìkan. Báírù fi idà gé ọwọ́ òsì Nárárì bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí Rágójì lójú. Orúkọ kọkànlélọ́gọ́ta ló kàn. Nárárì sọ lẹ́yìn náà pé òun rí i tí ọkùnrin náà pa ojú rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, ó pe Dàmódárà, ó pè é já gaara, àpáta méjèèjì sì dá a lóhùn. Nárárì ní òun gbàgbé pé òun kò lọ́wọ́ mọ́.

Wọ́n gé ìka Rágójì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gún un nítan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí orúkọ pé ọgọ́rùn-ún, ẹṣin ìkẹyìn wọlé, Rágójì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Báírù kò gọ̀. Ó gbọ́ pé ìpè náà ti yí padà. Ó wẹ̀yìn, ó rí gbogbo ogun rẹ̀ tí wọ́n há sójú kan. Ó wòkè, ó rántí ilẹ̀kùn omi. Ó kígbe pé, “Ẹ yí padà!” Ó já ọ̀kọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Rágójì pe Àṣúútà, tí í ṣe orúkọ keje lé lọ́gọ́rùn-ún, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Ẹni tí kì í yẹ̀. Bó ti pè é tán ni ọ̀kọ̀ wọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun.

Lókè, Sùbádírà gbọ́ Àṣúútà, kò sì gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ẹṣin ń yán, pátákò wọn ń dún bíi ti ẹṣin tó ń yí padà. Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ pariwo pé, “Gé e! Kí lò ń dúró ṣe?” Ó ní, “Kò tíì pé.” Ó mọ̀ pé bí òun bá gé e, bóyá baba òun ṣì ń mí nísàlẹ̀ ni o, bóyá kò mí mọ́ ni o, òun ni yóò fi omi bò ó. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé àáké sókè, ó pe Nàráyánà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó sì gé okùn.

Omi kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó gbá ẹṣin mọ́ ènìyàn, ó fọ́ wọn mọ́ àpáta, ó kó agbárí àti gàárì wọn jáde sí pápá. Nárárì nìkan ló yè, nítorí ó há mọ́ ẹ̀ka igi kan. Nígbà tí omi fà tán, wọ́n rí Rágójì lẹ́sẹ̀ àpáta rẹ̀, ọ̀kọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tí kò níka sì kọ́ mọ́ ìjánu ẹṣin Báírù. Báírù wà lábẹ́ ẹṣin náà. Wọ́n jó òkú Rágójì lórí igi olóòórùn dídùn, bí àṣà ìsìnkú wọn. Báírù, wọ́n fi í sílẹ̀ fún igún.

Àwọn ará Nándúgáò kó abúlé wọn gun orí òkè, nítorí kò sẹ́ni tó tún lè gbé ẹnu àfonífojì náà. Wọ́n ní kí Nárárì máa ṣe aṣáájú nìṣó, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó ni ipò náà kò tíì pe tirẹ̀ tán. Láti ìgbà náà, ọdọọdún lẹ́yìn ìkórè, aṣáájú a sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró lórí àpáta, a pe orúkọ láti Kéṣábà dé Àṣúútà, a sì pa ẹnu dé. Gbogbo ìlú a dákẹ́. Ìyá a fi ọyàn sẹ́nu ọmọ kó má baà ké. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan lókè nídìí omi yóò pe Nàráyánà. Bí àlejò bá sì béèrè pé kí ló dé tí aṣáájú fi fo ọ̀kan, wọn a dá a lóhùn pé Rágójì kò fo nǹkan kan. Ó fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ni.