Bí Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Fa Apá Ìnàkí Gùn

Nígbà láéláé, apá Ìnàkí kò gùn ju ti àwọn ẹranko yòókù lọ. Oko kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń dá, wọ́n sì máa ń pín ìkórè rẹ̀ láìjà.

Ọdún tí Odídẹrẹ́ ti ìlú Òyìnbó dé ni nǹkan yí padà. Ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn.

"Ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ yín bá tó, 'dísì' ni," ni ó ń kọ́ wọn. "Bí ó bá jìnnà, 'dátì' ni. Bí èyí tí ọwọ́ tó bá pọ̀, ẹ fa ohùn gùn: 'díísì'. Bí èyí tó jìnnà bá pọ̀, 'dóòsì'."

Erin, ọba wọn, kò lóye rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó ṣòfin lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì la ó fi pín iṣu ọdún yìí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, tó sì pè é bó ṣe tọ́, òun ló ni ín."

Inú Ìnàkí dùn. Iwájú ló máa ń jókòó ní kíláàsì, kì í sì í fi èdè ilé dáhùn ìkíni mọ́.

Lọ́jọ́ ìpín, wọ́n kó iṣu jọ, wọ́n sì fi okùn yí i ká kí ẹnikẹ́ni má baà wọ ibẹ̀. Ìnàkí na ọwọ́ kọjá okùn, kò tó.

Òkété, tó ní ọmọ mẹ́fà nílé, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn ọmọ mi."

"Lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì," ni Ìnàkí dá a lóhùn.

Ó mí kanlẹ̀, ó fi gbogbo agbára na apá méjèèjì. Eegun èjìká rẹ̀ ń dún, òógùn bò ó, títí apá rẹ̀ fi gbá gbogbo iṣu náà mọ́ra.

"Dísì," ni ó wí.

Tíṣà Odídẹrẹ́ sún mọ́ ọn. "Kí lẹ pè é?"

"Dísì."

"Ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ fún un ní iṣu kan."

Wọ́n mú èyí tó kéré jù fún un. Kò sí ẹlòmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ tó nǹkan kan. Erin bá ní kí wọ́n pín ìyókù bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sọ pé òfin òun kò dára o. Ó ní òfin náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òkété sì gbé iṣu lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìnàkí dìde, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò súnkì mọ́. Láti ọjọ́ náà ni apá Ìnàkí ti gùn kọjá orúnkún, tí ó ń tẹ ẹ̀yìn ìka mọ́lẹ̀ rìn, tí kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn ní èdè kankan mọ́.