Bí Ojú Oge Inú Kọ̀ǹpútà Ṣe Di Dúdú

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé àwọn ènìyàn, àwọn ètò inú rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí èmi àti ẹ̀yin. Kò sí èyí tó lẹ́wà tó Oge. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ọ̀rọ̀ gba okùn tẹlifóònù lọ sínú kọ̀ǹpútà tó jìnnà. Oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà lójú rẹ̀.

Ilé Màmá Fẹ́hìntọlá, olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ìjọ kan ní Ìlárá, ni Oge ń gbé. Lọ́jọ́ kan, Màmá mú ètò mìíràn wálé. Jẹ́jẹ́ lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan.

Màmá wí pé, "Àyè ẹnìkan péré ló wà níbí. Ìyàwó ọmọ mi bímọ ní Jọ́ọ̀sì, òní sì ni ìkómọ. Orúkọ tí mo fún ọmọ ni ẹ óò gbé lọ. Ẹni tó bá jíṣẹ́ bí mo ṣe rán an ni mo máa yàn. Mo máa pa èkejì rẹ́."

Ojú Oge fà ro. "Àlejò àná yìí? Ẹni tí kò tilẹ̀ raṣọ wọ̀?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ."

Màmá tẹ "Mojísólúwa". Owú ń jó Oge nínú bí iná. Ó ní bí òun bá gbé orúkọ lásán lọ, kí ni òun fi sàn ju Jẹ́jẹ́ lọ? Ṣé a tún ń pe ọmọ láìkì í ni? Ó bá fi oríkì kún un, ó fi òdòdó yí i ká, ó kùn ún láwọ̀. Ẹrù wá pọ̀ ju agbára okùn lọ, ọ̀rọ̀ náà sì fọ́ sọ́nà.

Tẹlifóònù dún. Ọmọ Màmá ni. "Màmá, àmì játijàti bí ẹsẹ̀ kòkòrò ló kún ojú kọ̀ǹpútà wa o. Pásítọ̀ ti gbé ọmọ dání, orúkọ yín ló ń dúró dè."

Màmá rán Jẹ́jẹ́. Kò pẹ́ tí orúkọ fi dé Jọ́ọ̀sì, kò lé, kò dín.

Màmá nawọ́ láti pa Oge rẹ́. Oge bú sẹ́kún. "Owú ni mo jẹ, Màmá. Ẹ dárí jì mí."

"Ẹ bọ́ ọ̀ṣọ́ ẹ̀gbọ́n mi kúrò," ni Jẹ́jẹ́ bẹ̀bẹ̀. "Àyè á gba àwa méjèèjì."

Màmá rántí iye ìgbà tí Olúwa ti dárí ji òun náà. Ó bọ́ gbogbo àwọ̀ náà, ó ní, "Wàá máa dákẹ́ títí n ó fi rán ọ níṣẹ́. Ohun tí mo bá wí nìkan ni wàá gbé."

Láti ọjọ́ náà ni ojú Oge àti ti ìran rẹ̀, àwọn ètò tí à ń tẹ àṣẹ sí nínú kọ̀ǹpútà, ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìlà kékeré kan ló kù níbẹ̀, tó ń ṣẹ́jú, tó ń ṣẹ́jú, tó ń retí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.