Ẹ̀gà, Ẹtu àti Ìkànnì Ilé Ìgbẹ̀bí

Ẹ̀yin ọmọ, ta ló ti se ọbẹ̀ rí nínú yín, tó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀, tó bi ara rẹ̀ bóyá ó dùn, tó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé ó dùn gan-an? Ẹ má wulẹ̀ nawọ́. Ẹni tí àlọ́ yìí bá bá wí yóò mọ ara rẹ̀.

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ẹlòmíràn lórí, orí Ẹ̀gà aláriwo ló bà lé.

Ní ìlú àwọn ẹranko, ilé ìgbẹ̀bí kan ṣoṣo ló wà, ibùsùn rẹ̀ kò sì ju mẹ́rin lọ. Aboyún tó bá fẹ́ ibùsùn yóò lọ kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ, nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti máa ń tò sínú oòrùn. Ọba Ẹfọ̀n ní ìyà náà tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí Ẹ̀gà, tó mọ ilé hun ju gbogbo ẹyẹ lọ, hun ìkànnì kan sórí ayélujára, kí aboyún lè jókòó sílé, kí ó fi fóònù gba nọ́ńbà ibùsùn. Ó kìlọ̀ fún un pé kí àwọn ìyá kọ́kọ́ dán an wò kó tó ṣí i.

Ẹ̀gà ní kò sí wàhálà. Ẹ̀gà kì í ní wàhálà rárá; àwọn ẹlòmíràn ló máa ń bá a ní in.

Ó hun ìkànnì náà. Ká sọ òótọ́, ó rẹwà, ó ń dán yanranyanran. Nígbà tí ó tó àkókò láti dán an wò, ó ro ẹni tí ì bá pè. Ilé Ẹtu, tó lóyún, wà ní òdìkejì odò, ó jìnnà. Ìgbín ìyá àgbà yóò pẹ́ kó tó dé. Àmọ́ àwọn àbúrò Ẹ̀gà mẹ́fà wà lórí ọ̀pẹ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, wọn kò sì tíì yé ẹyin kan rí láyé wọn. Ta ló tún mọ̀ nípa ìgbẹ̀bí jù wọ́n lọ?

Ó pè wọ́n. Ó kọ́kọ́ fi ìrẹsì àti àkàrà bọ́ wọn. Ó kó wọn sídìí fóònù tirẹ̀, ó ní bí wọ́n bá dáhùn ìbéèrè tán, kí wọ́n tẹ ibi pupa tó wà lápá ọ̀tún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìkànnì bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n ti bí. Wọ́n kọ òdo, wọ́n tẹ pupa, ó ṣí wàì. Ẹ̀gà bi wọ́n pé ṣebí ó dára. Ẹni tí àkàrà wà lẹ́nu rẹ̀, kí ni kó sọ? Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀gà kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni mẹ́fà dán an wò, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yege, ó gbé e fún Ọba. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti ìwé orúkọ Pẹ́pẹ́yẹ mọ́nú àpótí. Ẹni tí kò bá ti ní nọ́ńbà kò gbọdọ̀ wọlé.

Ó wá kan Ẹtu. Oyún rẹ̀ ti tó bí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó tẹ fóònù. Ìkànnì béèrè orúkọ, ó kọ ọ́. Ó béèrè àdúgbò, ó kọ ọ́. Ó wá bi í pé ọmọ mélòó ló ti bí.

Ẹtu gbé fóònù sílẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì di ejò mú. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá wo ni yóò jókòó ka ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń ka ebè, nígbà tí òmíràn ṣì wà nínú? Ó kọ ọ́ pé Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Ìkànnì kọ̀. Ó kọ ọ́ pé wọ́n pọ̀, òun dúpẹ́. Ìkànnì kọ̀, ó sì pa orúkọ tó ti kọ rẹ́.

Ibẹ̀ ni ìrọbí ti mú un. Ó rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Pẹ́pẹ́yẹ béèrè nọ́ńbà, kò sí. Ẹtu di ìdí ọ̀pẹ Ẹ̀gà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ mú, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀gà, Ẹ̀gà, ilé rẹ dára,
*Jẹ́ n wọlé.*
Ògiri ń dán, òrùlé ń dán,
*Jẹ́ n wọlé.*
Ilẹ̀kùn rẹ ń ka ọmọ mi,
*Jẹ́ n wọlé.*
Òjò ti ṣú, ìrọbí dé,
*Jẹ́ n wọlé.*

Ẹ̀gà yọrí. Ó ní, "Ìyá Ẹtu, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ẹni mẹ́fà tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn ló wọlé."

Ẹtu ní, "Èwo ló lóyún nínú wọn?"

Ẹ̀gà fa orí padà sínú ìtẹ́.

Òjò dé ṣàà. Inú ẹrẹ̀ ni ọmọ bọ́ sí, pọ̀tọ̀, kò sì ké. Pẹ́pẹ́yẹ gbàgbé àṣẹ ọba, ó sáré jáde, ó gbá a nídìí, pá, pá, ó tún gbá a. Ọpẹ́lọpẹ́ Olúwa, ọmọ ké.

Ọba gbọ́, ó bínú. Ó ní Ọ̀yà ló kàn láti bí, bí Ọ̀yà náà bá bímọ síta, òun yóò fa ìyẹ́ Ẹ̀gà tu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gà fò lọ bá Ìgbín ìyá àgbà fún ìmọ̀ràn.

Ìgbín ní kó yọ ìbéèrè ọmọ mélòó yẹn kúrò ná. Ó ní kó lọ bá àwọn ìyá ní ilé wọn, fóònù wọn tó ti là ni kí wọ́n lò. Kí ó sọ fún wọn pé nọ́ńbà ibùsùn ni kí wọ́n wá, kó má sọ ibi tí wọn yóò tẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi Pẹ́pẹ́yẹ gbìyànjú ètò náà, kó lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé ènìyàn. Kó má gbé àkàrà dání.

Ìgbín ní, "Èyí tó le jù nìyí: kí o panu mọ́."

Ẹ̀gà fi ìyẹ́ rẹ̀ búra pé òun yóò dákẹ́. Ó yọ ìbéèrè náà, ó fi Pẹ́pẹ́yẹ gbìyànjú ètò náà. Ó dé ilé Ọ̀yà, ọwọ́ Ọ̀yà kò tíì kan fóònù tí Ẹ̀gà fi ní apá ọ̀tún ni. Nígbà tí Ìgbín gbọ́, ó ní ìyẹn ti bàjẹ́. Ó dé ilé Òkété, aboyún mìíràn, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wúkọ́, ó ń fi ojú tọ́ka sí apá ọ̀tún. Ìgbín ní ìyẹn náà ti bàjẹ́.

Ó ku ilé Ẹtu. Ẹtu pọn ọmọ, ó mú fóònù, ó dúró. Ó ní pupa ni wọ́n fi ń sọ pé ewu ń bẹ, òun kò lè tẹ pupa. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gà, níbo ni kí n tẹ̀?"

Orí ìbéèrè yẹn ni àlọ́ mi bà sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí iyọ̀ tán nínú ìkòkò mi. Ó kọ́ wa pé ẹni tí a ń ṣe nǹkan fún ni kó tọ́ ọ wò, kì í ṣe àwa tí a ṣe é, kì í sì í ṣe àwọn tí a ń bọ́. Bó bá sì ń tọ́ ọ wò, kí á pa ẹnu wa mọ́.

Ẹ ní kí ni Ẹ̀gà fèsì? Ó fi ìyẹ́ bo ẹnu. Ó mú ìwé, ó kọ ọ́ pé ibi pupa ni Ẹtu ti dúró. Nígbà tó délé, ó sọ ibi pupa náà di àwọ̀ ewé, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ọ̀yà bímọ tirẹ̀ sórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Ẹtu tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, Ẹ̀gà sì dákẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe búra.