Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kì í So Kòkó

Ọkùnrin kan wà, àgbẹ̀ ni, ó gbin kòkó sí ilẹ̀ tuntun. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ káàkiri oko náà, bí gbogbo ará ìletò wọn ti ń ṣe, kí ewé rẹ̀ lè ṣíji bo ọmọ kòkó. Ọdún kan kọjá. Kòkó kò tíì ga ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ga ju ènìyàn lọ.

Inú bí ọkùnrin náà. "Kí ni gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ń ṣe nínú oko mi? Kòkó ni mo wá gbìn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rá ilẹ̀ mu!"

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀. "Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó tó ọdún mẹ́ta."

"Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń so kòkó ni?"

Òótọ́ ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í so kòkó. Ọkùnrin náà yọ àdá, ó bẹ́ gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì.

Ọyẹ́ dé, oòrùn tẹ̀lé e. Ọmọ kòkó gbẹ. Ǹjẹ́ ẹni yìí dá ara rẹ̀ lẹ́bi? Rárá o! Ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó tó fún un ní irúgbìn kòkó ló gbà lọ. Ó ní irúgbìn burúkú ni, ó sì pe àwọn àgbà wá sínú oko kí wọ́n wá dá ẹjọ́. Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé.

Bàbá náà ò jiyàn. Ó ṣí fìlà, ó nu òógùn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká bọ́ sábẹ́ òjìji kan ná, ká tó rojọ́." Àwọn àgbà wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Kò síbi tí wọ́n lè sá sí. Bàbá ní, "Àwa tá a ti gbó ò lè dúró síbí rojọ́. Ọmọ kòkó tó ti ń dúró síbí látìgbà ọyẹ́ ńkọ́?" Ẹjọ́ parí. Oníkálukú gba ilé lọ.

Alága, mi ò wá sílé rẹ wá pàlọ́. Ìwọ tí mo kọ́ ní a, b, d, ìwọ lo dìde nínú ìpàdé ìlú lánàá, tí o ní ká lé olùkọ́ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tó ń kọ́ àwọn ìyá níwèé lọ, ká lé obìnrin wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà àwọn opó, náà lọ, ká sì sọ yàrá wọn di ilé ìkó-kòkó-sí. O ní wọn ò mú nǹkan kan wọlé fún ìlú. Ojú ò tì ọ́!

Ṣé o ti gbàgbé ọdún tí àwọn ìyá ń fi ike oògùn olóró tí a fi ń fín kòkó pọnmi mu, nítorí wọn ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára? Ọmọ mẹ́rin la sin. Láti ìgbà tí àwọn ìyá yẹn ti ń lọ sí kíláàsì, a ò sin ẹyọ kan mọ́. Àwọn opó mẹ́ta tí àwọn àna wọn gba oko lọ́wọ́ wọn ńkọ́, ta ló bá wọn jà á tí wọ́n fi dá a padà? Kòkó oko yẹn náà lo fẹ́ kó sínú yàrá obìnrin náà! Irú ìwà wo nìyí? Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n.

Ìwọ náà ńkọ́? Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ọ kúrò ní ilé ìwé pé kí o wá máa fọ́ kòkó, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti ìlú ńlá lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn àfi tí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ. Èmi ni mo gbé àga fún un. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó gbà.

Ìpàdé tún ń bẹ lọ́la. Kí o tó lọ, bi ìyá rẹ ní orúkọ ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ yẹn, kò tíì gbàgbé. Tí o bá dé ibẹ̀, dárúkọ rẹ̀ sókè kí gbogbo ìlú gbọ́. Lẹ́yìn náà kí o wá yọ àdá rẹ.